Bí Mo Ṣe Fi Iná Gba Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́wọ́ Kògbọdọ̀jó

Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ lóòró. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rù tètè ń ba òun, kó tètè gba ilé lọ, kó lọ bá ìyàwó rẹ̀ bó ẹ̀gúsí. Èmi Ọdẹ́dìran ọmọ Ògúnkẹ́yẹ, èmi tí mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró tí ẹfọ̀n yà fún mi, èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fi okùn pa òkété lẹ́yìnkùlé. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé ohun tí ojú ọdẹ bá rí nínú igbó, kì í délé sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n a fẹ́ tiná bọ pápá lọ́la, mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń yan ibi tí wọ́n máa dúró sí de ẹran. Ẹ má wo ara yín lójú. Mo mọ̀ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìbọn, ẹ rò pé bí ẹ ṣe bá a ló ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Rárá o. Àwọn baba wa ní ìlànà tiwọn, a sọ ọ́ nù, ẹ̀jẹ̀ ni a fi rà á padà. Kí ọyẹ́ tó mú gan-an, nígbà tí orí koríko bá ti pọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, àwọn ọdẹ Ìdí-Ayin máa ń jáde lówùúrọ̀ lọ sun Ọ̀dàn Olókìtì. Wọn kì í sun gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á ro ààlà yí abala kan ká, wọ́n á gbá a mọ́ tónítóní, wọ́n á wá tiná bọ̀ ọ́ ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí iná lè kọjú sí afẹ́fẹ́, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. A-fẹ̀yìn-rìn ni wọ́n ń pe irú iná bẹ́ẹ̀. Kì í ga, kì í pa igi. Koríko gbígbẹ àti eégbọn ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n á sì fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí ẹran lè gbà á jáde. Ẹnu Ọ̀nà Ẹran ni ibẹ̀ ń jẹ́. Ọdẹ kì í gbé ìbọn dúró níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ebi fẹ́ pa á kú, èèwọ̀ ni. Tí òjò bá ti fọ́n sí ilẹ̀ tó jó, koríko tútù á hù, ẹran á rọ́ padà wá jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni ọdẹ ṣíṣe tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀lẹ kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ń dẹ òkété, kò lè gbẹ́lẹ̀, ló bá tiná bọ ihò ní àárín gbùngbùn ọyẹ́, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ táútáú. Iná gbéra. Ó jó oko, ó jó àká, ó jó iṣu Baálẹ̀ Láwóyin di eérú. Ẹ mọ̀ pé bí iná bá jó lóko, màjàlà ní í wá ròyìn nílé. Orí ẹní tí Baálẹ̀ jókòó sí gan-an ni màjàlà iṣu rẹ̀ bà sí. Inú bí i. Ó ní iná ò gbọdọ̀ wọ Ọ̀dàn Olókìtì mọ́ láéláé, pé ẹni tó bá ṣáná níbẹ̀, òun á sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Àwọn àgbà ọdẹ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Baálẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o." Ó ní kí wọ́n panu mọ́. Wọ́n panu mọ́. Koríko bá wó lé koríko, èyí tó gbẹ léṣìí sùn lé èyí tó hù lọ́dún yìí lórí, ẹ̀gún dí gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú ò róòrùn, wọ́n kú sábẹ́. Ẹran ò rí nǹkan jẹ, a ò rí ẹran. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀yin èèyàn mi, a jẹ ewé títí ètè wa fi ń wú.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúnmódẹdé, ló ní òun ò ní jókòó kí ebi pa ìyá òun. Ọkùnrin yẹn! Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ìbọn rẹ̀ kì í tàsé. Ó gba inú ọ̀dàn lọ, kò padà. Nígbà tí a retí títí tí ojú wa já, ìyá wa Àríyìíkẹ́ pè mí sí ìdí ààrò rẹ̀ tí kò ti dáná sí láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sunkún. Ó ní, "Ọdẹ́dìran, ọmọ méjì ni mo bí. Lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá fún mi. Bí o bá dá nìkan padà, má wọ ilé yìí." Mo ní, "Mo ti gbọ́, ìyá." Mo rọ ẹ̀tù sínú ìbọn mi ṣakabùlà, mo pọ́n àdá mi, mo jáde. Kí ló tún kù tí mo lè sọ?

N kò ní fi ohun tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn dá yín lágara. Koríko ga kọjá orí mi, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi, kò sí ẹyẹ kan tó ń ké. Ọdẹ tó bá wọ igbó tí ẹyẹ ò ké, kó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń fi àdá lànà, mo já lu akọ àgbọ̀nrín kan tó dúró gbagidi. Mo gbé ìbọn. Kò sá. Ó wò mí, ó ní, "Ọdẹ, yìn ín, jọ̀ọ́. Oore lo máa ṣe mí." Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé eégbọn tò mọ́ ara rẹ̀ bí àgbàdo ṣe ń tò mọ́ ṣùkù, etí, àgbọ̀n, ìpéǹpéjú, kò síbi tó mọ́. Mo ní, "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ó ní, "Kògbọdọ̀jó ni, ọba tuntun tó jẹ nínú ọ̀dàn. Ó kó gbogbo wa sínú ọgbà ẹ̀gún, ẹ̀jẹ̀ wa ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sá jáde, ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ sá sí?" Mo ní, "O ò rí ọdẹ kankan níbẹ̀?" Ó ní, "Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ igi. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bú ìyá Kògbọdọ̀jó." Ẹ̀rín pa mí, omijé sì bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè!

Kí n tó la ẹnu dúpẹ́, nǹkan kan já bọ́ láti orí igi sí ọrùn àgbọ̀nrín náà, gbìì! Ìyá eégbọn ni, ó tó odó. Ìṣẹ́jú kan báyìí, ó ti fa ẹran náà gbẹ, awọ nìkan ló ṣubú sílẹ̀ lójú mi. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ gbóná ju ti àgbọ̀nrín yìí lọ," ó sì fò mọ́ mi lẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, mo ti jẹ ìyà rí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ irú èyí rí. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín èjìká mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi mì, gbùkẹ̀, gbùkẹ̀. Ìbọn ò wúlò. Ojú mi ń ṣókùnkùn. Mo bá sáré fẹ̀yìn lu òkìtì ọ̀gán, mo tún padà sẹ́yìn, mo tún lù ú, títí ikùn rẹ̀ fi sán. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fi ọwọ́ òsì gún ẹ̀yìn ara mi gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran tó ti mu dà lé mi lórí, ó gbóná, ó ń rùn, ó wọ̀ mí lẹ́nu. Mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nígbà tó kú tán mo ṣì ń gé e. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀ pé kò sí.

Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ara mi ò gbé mi mọ́, ni imú mi gbóòórùn èéfín. Mo tẹ̀ lé e, mo sì já sí ojú ilẹ̀ kan tí kò tóbi ju ibi ìpakà lọ, tó dúdú, tó mọ́, tí koríko tútù sì ń yọ lára rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó láàárín rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ èédú, iná ń ṣẹ́jú nínú gbogbo ibi tó ti là. Apá òsì rẹ̀ rúwé, àparò kan sì sàba lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ìyá." Ó ní, "Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Eléérú. Ìwọ tí o gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ilé mi, kí lo ń wá?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wà lọ́wọ́ Kògbọdọ̀jó." Ó mirí. "Ìbọn ò ran Kògbọdọ̀jó. Àdá ò ran án, bí o bá gé apá kan, méjì á hù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kì í fún òmùgọ̀. Dá mi lóhùn. Arúgbó kan jókòó lé ọmọ lórí, kò dìde, kò kú, ọmọ ò lè dàgbà, síbẹ̀ ó ní òun ń dáàbò bò ó. Ta ni?"

Baálẹ̀ Láwóyin ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, díẹ̀ ló kù kí n dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Koríko èṣí ni, tó gbẹ tó wó lé tọdún yìí lórí." Ó ní, "Ó dáa. Ta ni ìyá tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ilé ọmọ kí ọmọ lè ríbi gbé?" Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá tó ya wèrè ni." Ọwọ́ èédú ló fi gbá mi létí, fòò! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹ wo àpá rẹ̀. Irùngbọ̀n ò hù níbẹ̀ títí dòní. Mo ń yí nílẹ̀, ó ń pariwo lé mi lórí: "Èmi ni, aláìmoore! Ta ló ń pa eégbọn kí àgbọ̀nrín tó lè bímọ? Ta ló ń ṣí ilẹ̀ kí ọmọ igi igbá tó róòrùn? Ta ló ń pe koríko tútù jáde? Ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní ọ̀tá nítorí iṣu ọkùnrin kan!" Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, ebi ló ń pa ọgbọ́n mi." Ó ní, "Ó ku ọ̀kan. Ta ni jagunjagun tó ń fẹ̀yìn rìn, síbẹ̀ tó ń ṣẹ́gun?" Mo rẹ́rìn-ín tìrora tìrora. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Ògúnkẹ́yẹ ni mí. A-fẹ̀yìn-rìn ni, iná bàbá mi." Òun náà rẹ́rìn-ín, eérú sì fò káàkiri.

Ó ki ọwọ́ bọ àyà ara rẹ̀, ó yọ ògúnná pupa, ó gbé e sínú àpáàdì fún mi; ẹ mọ̀ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ó wá wò mí tààrà. "Gbọ́ àdéhùn wa. Gbogbo ohun tó bá gba Ẹnu Ọ̀nà Ẹran jáde, tèmi ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹran kan bá kán sílẹ̀ níbẹ̀, iná á yí padà, ẹni tó yìnbọn ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ì báà jẹ́ ìwọ, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí o wá gbà. N kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Mo fi eyín kan irin àdá mi, mo búra. Ọdẹ tó bá fi irin búra, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá dà á.

Ọgbà ẹ̀gún Kògbọdọ̀jó ga ju òrùlé ilé lọ. Mo yọjú wò. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìmàdò, ẹtu, gbogbo wọn dúró sínú koríko gbígbẹ, egungun ìhà wọn ṣeé kà, wọn ò lè jẹ ẹ́, wọn ò lè kúrò. Ní àárín wọn ni igi igbá kan tó ti kú, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára rẹ̀, wọ́n fi koríko dì í láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ó ń ṣépè. Inú mi dùn! Mo da iyẹ̀pẹ̀ sókè, mo rí i pé ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Mo wá yọ́ lọ sí ìlà-oòrùn, mo fi àdá gé ẹ̀gún títí mo fi la ẹnu ọ̀nà tí ẹfọ̀n méjì lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọwọ́ mi bó. Mo yí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, mo ro ilẹ̀, mo gbá a mọ́, kí iná má bàa gba ibẹ̀ lọ bá ìlú wa. Ìrì ṣì wà ní ìdí koríko. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpáàdì sílẹ̀ ni ilẹ̀ mì.

Ògiri ẹ̀gún ló dìde, tó di èèyàn. Orí rẹ̀ tó àká, koríko kíkú ni gbogbo ara rẹ̀, eégbọn ló wà nínú ihò ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń yí biribiri. Ìbọn àwọn ọdẹ tó ti mú ni ó sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Ọdẹ, kí ni mo ṣe fún ọ? Wo bí mo ṣe ga tó. Kò sí ewé kan tó jóná lára mi. Èmi ni mo ń pa igbó mọ́." Mo ní, "Kí ló wà láàyè lábẹ́ rẹ?" Ó ní, "Èmi wà láàyè." Mo ní, "Ta ló bí ọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣẹ Baálẹ̀ yín ló bí mi, ìbẹ̀rù yín ló wò mí dàgbà. Ẹ kú iṣẹ́." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ju ẹ̀gún kan tó tó ọ̀kọ̀, ó wọ itan mi ní iwájú, ó jáde lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìjà dé. Mo gé ọwọ́ rẹ̀, méjì hù. Mo gé méjì, mẹ́rin hù, wọ́n sì ń bọ́ lù mí lójú. Mo fi àdá ṣá a lọ́rùn, okùn já, àwọn ìbọn bọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Ó gbé mi, ó là mí mọ́lẹ̀, mo gbọ́ tí egungun ìhà mi ṣẹ́, páù! Ó tún gbé mi, ó tún là mí mọ́lẹ̀. Ó wá fún mi lọ́rùn, àwọn eégbọn sì ń ti ojú rẹ̀ já bọ́ sẹ́nu mi. Ojú mi ti ń wo ọ̀run. Ṣé báyìí ni màmá mi máa ṣe pàdánù ọmọ méjèèjì? Ìbínú gbé mi. Mo na ẹsẹ̀ tó kù fún mi, mo ta àpáàdì yẹn nípàá, ògúnná Ìyá Eléérú sì dà sí ìdí rẹ̀.

Ó rí èéfín, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òmùgọ̀! Ojú ilẹ̀ tí o gbá ni afẹ́fẹ́ ń gbé iná rẹ lọ!" Lóòótọ́ ni ọwọ́ iná ń nà síta, tí kò rí nǹkan mú. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ń padà sẹ́yìn ní tirẹ̀, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ń lodì sí afẹ́fẹ́, ó ń jẹ ẹsẹ̀ Kògbọdọ̀jó láti gìgísẹ̀. Kò mọ̀ títí ó fi fẹ́ gbésẹ̀ tí kò rí ẹsẹ̀. Ó ké! Igbe yẹn ṣì máa ń jí mi. Àwọn eégbọn ojú rẹ̀ ń bẹ́, pá, pá, pá, bí àgbàdo nínú agbada. Ó ju mí nù, ó ń fi ọwọ́ bu koríko lu iná, iná ń gba ibẹ̀ gun ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń wó lọ, ó ní, "Mo ń dáàbò bò wọ́n." Mo tutọ́ ẹ̀jẹ̀ lé e lójú.

Nínú àwọn ìbọn tó bọ́ sílẹ̀, mo dá ti ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Mo gbé e, mo gbé tèmi, mo ń tiro sáré lọ sí ìdí igi igbá. A-fẹ̀yìn-rìn ń bọ̀ lẹ́yìn mi díẹ̀díẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Mo gé ìdè. Ẹ̀gbọ́n mi wó lé mi láyà, ó ti gbẹ bí pańla. Ó ní, "Ọdẹ́dìran, o pẹ́ jù." Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Màmá ní kí n mú yín wálé." Mo gbé ìbọn rẹ̀, tí ọta ṣì wà nínú rẹ̀, lé e lọ́wọ́, nítorí ìtìjú ni kí ọdẹ padà sílé láìmú ìbọn. Mo sọ àdéhùn Ìyá Eléérú fún un. Mo tún un sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá." Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó sì ṣáájú mi lọ, nítorí ẹsẹ̀ mi tí ẹ̀gún gún.

Mo já sí ẹnu ọ̀nà tí mo là. Ògúnmódẹdé dúró sí àárín rẹ̀ gan-an, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì kọjú sí iwájú orí abo ẹfọ̀n kan tó lóyún. Gbogbo ẹran tó kù ti dá dúró sẹ́yìn ẹfọ̀n náà, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń wo iná, wọ́n ń wo ìbọn. Mo kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ni!" Kò wò mí. Ó ní, "Èèwọ̀ ò jẹ́ kí ìyá mi jẹun. Láti ìgbà wo ni màmá ti fẹnu kan ẹran? Ọ̀kan péré, Ọdẹ́dìran." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ máa kú!" Ó ní, "Jẹ́ kí n kú, kí màmá jẹun." Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ìfẹ́ ìyá ló ń ṣe é. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé iná ti dìde dúró. Iná tí kò ga ju orúnkún lọ ti ga ju igi igbá lọ, kò rìn mọ́, ó ń dúró de ohùn ìbọn.

Mo rí ìka rẹ̀ tó ń fà. Ọta kan ló wà nínú ìbọn mi. Mi ò ronú, bí mo bá ronú ni, ǹ bá má lè ṣe é. Mo yìn ín. Ó ba apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ní ìgúnpá, apá náà sì fọ́ yángá. Ìbọn rẹ̀ dún sójú ọ̀run, kò ba nǹkan kan. Iná wálẹ̀. Ẹran sì rọ́ jáde! Mo ju ara mi lé e lórí, pátákò ẹfọ̀n ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ orí wa, ìmàdò kan fò wá kọjá, erùpẹ̀ bò wá. Abẹ́ mi ló wà tó ń ké, "O yìn mí! Ọdẹ́dìran, o yìn mí!" Mo ń sọ pé, "Mo yìn yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun, ẹ má kú." Mo fi okùn àpò mi dì í. Mo gbé e sẹ́yìn. Bí a ṣe délé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá wa jáde sí ìta. Ó wo ojú àkọ́bí rẹ̀, ó wo apá rẹ̀ tó fọ́, ó wá wò mí. Ó ní, "Mo ní kí o mú un wá. N kò ní kí o bù ú kù." Ó gbà á lẹ́yìn mi, ó wọlé. Baálẹ̀ rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá pẹ̀lú ìtùfù láti sun ilé wa. Ìyá mi dúró ní ẹnu ìlẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mi." Wọ́n wo apá ẹ̀gbọ́n mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nínú igbá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n pa ìtùfù, wọ́n lọ. Ojú egbò ẹ̀gbọ́n mi jinná. Ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i láàárọ̀, ó wo ògiri. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Èmi tí mo pa ìyá eégbọn, èmi tí mo wo Kògbọdọ̀jó lójú, mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún bí ọmọdé.

Òjò fọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó ń gba ọ̀nà ọ̀dàn lọ, mo gbé ìbọn tẹ̀ lé e lókèèrè, kò lé mi padà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a ò mọ ibẹ̀ mọ́. Àwọ̀ ewé tútù bo gbogbo ilẹ̀ dúdú náà, àwọn ọmọ igi igbá ti ń na ọrùn sókè, lékeléke ń rìn káàkiri. Abo ẹfọ̀n kan sì wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ń fi orí kan ọmú rẹ̀, kò sí eégbọn kan lára rẹ̀. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń já koríko. Ìṣe ọdẹ ni, ọwọ́ mi ti gbé ìbọn kí n tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró tì mí. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ fún un, ó fi tẹ ẹnu ìbọn mi sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kó jẹun ná."